Òùngbẹ Ló Ń Gbẹ Irun Yín: Omi, Òróró Àgbọn àti Òwú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọge, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń bá ọmọ yín obìnrin ya irun láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ẹ yọ fọ́nrán irun kan lára òòyà yín, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ká, tó tún ká? Ibi tó ti ká yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Awọ orí a máa sun òróró tirẹ̀. Lórí irun tó nà gbọọrọ, òróró yẹn á ṣàn wálẹ̀ dé ṣóńṣó. Lórí irun tiwa, kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ló ní láti gbà, kì í sì í rìn jìnnà kó tó tán. Ìdí nìyẹn tí ìdí irun fi lè máa dán, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì gbẹ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí fọ́nrán ti ká náà ni agbára rẹ̀ kéré sí jù, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Àwọn kan á ní irun wa le, wọ́n á ní olóríkunkun ni. Irun wa kò le. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Omi ló ń pa òùngbẹ, òróró kì í pa á. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, torí pé ní Àgbádárìgì níbí, tí igi àgbọn pọ̀ lẹ́yìnkùlé, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn da òróró sórí irun gbígbẹ. Á dán fún wákàtí méjì. Tó bá di ọjọ́ kejì, gbígbẹ ló máa padà sí, òróró tó ti bo ara rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí omi ráyè wọlé. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kí ẹ tó fi òróró tilẹ̀kùn.

Síbẹ̀ òróró àgbọn ní iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ òróró kò lè ṣe. Ara irun ni òróró púpọ̀ máa ń dúró sí, àmọ́ òróró àgbọn ń wọ inú fọ́nrán lọ, torí èròjà lauric acid pọ̀ nínú rẹ̀, ẹyọ èròjà yìí sì kéré, ó tún gún régé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 fi wé òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń fà yọ lára epo rọ̀bì. Òróró àgbọn nìkan ló dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù nígbà fífọ̀. Fún ìdí èyí, kí ẹ tó fọ irun ni àkókò rẹ̀ gan-an. Ṣíbí ìmùkọ méjì tó irun tó dé èjìká. Ẹ fi pa á láti àárín dé ṣóńṣó, ẹ fi síkáfù wé e, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́ ọn. Irun ẹlòmíràn wà tí òróró àgbọn máa ń sọ di gbagidi. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín, ẹ fi òrí rọ́pò, ẹ má sì bínú sí irun yín.

Bí ẹ bá ń rà á lọ́jà Agbalata tàbí lójú ọ̀nà Sẹmẹ, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó dára máa ń ta sánsán bí àgbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Èyí tó ń rùn bí ohun tó jóná, wọ́n ti sè é jù. Ẹ bu díẹ̀ sínú ṣíbí, kí ẹ gbé e síná: bó bá ń ta pàrà pàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó máa kan. Àmọ́ bó bá dì funfun nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ má tìtorí ìyẹn bá ẹni tó tà á jà. Bí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 24 Celsius lọ, òróró àgbọn gidi á dì. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, á yọ́.

Ó kan omi tí a fi ń fọ̀ ọ́. Ní ilé tó sún mọ́ òkun àti ọ̀sà, omi kànga tàbí bohóòlù míì máa ń ní iyọ̀, òmíràn á pupa bí irin tó dógùn-ún. Ẹ ó mọ omi tí kò dáa fún irun: ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi nǹkan funfun kan sí ara bẹ́sìn. Nǹkan funfun yẹn kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ irun tó fi ń ṣe gán-ún gán-ún lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán. Ẹ lè fi omi yẹn fọ ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ ẹ pa garawa omi òjò kan mọ́ fún ṣíṣàn ìkẹyìn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ti tó fún fífọ̀. Ẹ pín irun sí mẹ́rin, kí ẹ dì í níkọ̀ọ̀kan wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má baà lọ́ mọ́ra. Ìka ni ẹ ó fi fọ awọ orí, kì í ṣe èékánná. Ẹ má kó gbogbo irun jọ sí àárín orí kí ẹ máa yí i bí aṣọ tí à ń fọ̀. Ọṣẹ tó ń ṣàn wálẹ̀ láti awọ orí tó láti fọ irun yòókù. Bó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú lẹ fẹ́ràn, ẹ má fi odidi rẹ̀ ra orí. Eérú ló wà nínú ọṣẹ dúdú. Fọ́nrán irun sì ní ìpẹ́ bíi ti ẹja, tó to léra wọn, tí ẹnu wọn kọjú sí ṣóńṣó. Omi eérú máa ń ṣí ìpẹ́ yẹn sílẹ̀, ìpẹ́ tó ṣí ló ń há mọ́ra wọn tí irun fi ń ta kókó. Ẹ bu ìwọ̀n tó tó kóró iṣin kan, kí ẹ yọ́ ọ sínú ife omi kan, kí ẹ fi ìyẹn fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ṣíbí ìmùkọ fínígà kan nínú ife omi méjì, ẹ dà á sí irun, ìpẹ́ á padà délẹ̀, kí ẹ sì ṣàn án. Ẹ má fi omi osàn wẹ́wẹ́ rọ́pò fínígà. Bó bá kan iwájú orí tí ẹ sì bọ́ sínú oòrùn, ó lè jó awọ ara bí omi gbígbóná.

Kọndíṣọ́nà ló kàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Inú rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ ti tú irun, nígbà tó ṣì ń yọ̀. Ìka ní àkọ́kọ́, kí òòyà eléyín ńlá tó tẹ̀ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì di òkè ibi tí ẹ ń yà mú kí awọ orí má fà. Ẹ lajú, ẹ sì la etí. Bí ẹ bá ń gbọ́ tà, tà, tà, irun ló ń já. Ẹ dúró, ẹ fi omi sí i.

Ẹ wo irun tó kù nínú òòyà. Èyí tó gùn tó irun orí, tí ẹ̀kán funfun kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀, ó re ni. Ààádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ló ń re lójúmọ́, kì í ṣe àrùn. Èyí tó kúrú, tí kò ní nǹkan funfun kankan ní ìdí, ó já ni, òun ló yẹ kó bà yín nínú jẹ́. Ìṣirò irun tó ń re yìí ló máa ń kó àwọn tó ṣe irun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láyà jẹ. Wọ́n á tú u, wọ́n á rí ìdì irun lọ́wọ́, wọ́n á ní irun àwọn ti tán. Ààádọ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ méjìlélógójì jẹ́ ẹgbàá ó lé ọgọ́rùn-ún fọ́nrán. Inú irun dídì ni gbogbo wọn wà, wọn kò ríbi jábọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kí dídì kan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, torí irun tó re wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ èyí tó ṣì wà lórí.

Ẹ̀yin onídìrí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀bátí ọmọdé! Ìbáà jẹ́ ṣùkú, ìbáà jẹ́ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, bí ọmọ bá ń sunkún, tí awọ iwájú orí rẹ̀ ń dán, tí róró kéékèèké ń yọ ní ìdí irun, ó ti le jù. Ẹ tú u. Fífà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún máa ń pa ìdí irun, ibẹ̀ á pá, ibẹ̀ kò sì ní hu irun mọ́. Ọ̀rọ̀ pé irun tó dun èèyàn ló ń pẹ́ kì í ṣe òtítọ́.

Bí ibì kan bá pá rogodo lórí ọmọ, tó ń yọ ìpẹ́, tó ń yún un, làpálàpá lè ni. Òróró àti ìpara kò lè wò ó, torí inú fọ́nrán irun ni kòkòrò rẹ̀ wọ̀ sí. Oògùn tí ọmọ máa gbé mì ni, dókítà ló sì ń fún un. Kí ọmọ náà má sì bá àwọn tó kù lo òòyà kan náà.

Ó wá di nína irun. Àwọn ìyá wa ti mọ bí a ṣe ń na irun láìfi iná kàn án kí irin gbígbóná tó dé ọ̀dọ̀ wa: òwú ni wọ́n fi ń kó o. Ní 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti rí irun olówùú nínú wọn á mọ̀ pé ọ̀gá niṣẹ́ ọwọ́ yìí. A kò ní ṣe onílé-gogoro lónìí. A fẹ́ kí irun nà kó tó mọ́júmọ́ ni.

Ẹ lo òwú dúdú tó nípọn. Òwú ọ̀rá tó tinrín bí okùn ìwọ̀ máa ń gé irun. Ẹ gé e kó gùn láti ìka dé èjìká, kí ẹ ká a ní ìlọ́po mẹ́ta. Irun kò gbọ́dọ̀ rin: bí ẹ bá fún un, kí àtẹ́lẹwọ́ tutù díẹ̀, kí omi má sì kán. Irun tó rin gbingbin máa ń nà kọjá ààlà, á wá já. Nínú ọ̀rinrin etí ọ̀sà yìí, kò ní gbẹ lábẹ́ òwú, á máa rùn.

Ẹ pín in sí mẹ́wàá tàbí méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ fi òróró tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí ṣóńṣó rẹ̀. Ó yá, ẹ wo ọwọ́. Ẹ fi orí òwú lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irun ṣe lọ, kí ó yọ tó ìka méjì, kí ẹ wé òwú lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdí irun. Wíwé yẹn fúnra rẹ̀ ló máa dè é. Ẹ má ta kókó níbẹ̀. Ẹ wo awọ orí: bó bá gbéra sókè bí àgọ́, ẹ dẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀, ọwọ́ òsì á fa irun gún, ọwọ́ ọ̀tún á máa wé òwú lọ sísàlẹ̀, kí àlàfo tó fẹ̀ tó ìka ọmọdé wà láàárín wíwé kan àti òmíràn, kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà tó bá ku ìwọ̀n ìka méjì, ẹ wé e láìsí àlàfo dé ṣóńṣó, torí ibẹ̀ ló gbó jù, kí ẹ fi òwú gba inú ara rẹ̀ kọjá, kí ẹ fún un.

Bí irun bá ń wú jáde láàárín òwú bíi kòkòrò, òwú nìkan lẹ fà, ẹ kò fa irun. Ẹ tú u títí dé ibẹ̀, kí ẹ tún un wé.

Ẹ wé síkáfù sátínì kí ẹ tó sùn. Aṣọ òwú tó wà lára ìrọ̀rí máa ń mu omi irun, ó sì máa ń ha á. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tú òwú láti ṣóńṣó lọ sókè. Ẹ má fi abẹ gé e, torí abẹ kò mọ òwú yàtọ̀ sí irun dúdú. Bí ẹ bá rí kókó kékeré kan tó ti dì ní ṣóńṣó fọ́nrán kan, ẹ má fà á. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó mú gé e díẹ̀ lókè kókó náà.

Atẹ́gùn ọ̀sà máa mú kó súnkì kó tó di ọ̀sán. Ẹ má tún fi omi sí i. Ẹ fi òwú kan náà kó o ní ìdì mẹ́rin péré, láìfi nǹkan kan pa á, kí ẹ fi síkáfù wé e fún ìdajì wákàtí nígbà tí ẹ bá ń dáná lọ́wọ́, kí ẹ tó tú u.