Ta Ló Ni Ìwé Òfin Tó Wà Nínú Láíbìrárì Yín?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrárì òfin, bóyá ti kóòtù ni o, ti yunifásítì ni o, tàbí ti chamber lọ́yà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kópíráìtì la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ lórí iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tójú mi tó o. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, a ò tíì ṣí fèrèsé tán, lọ́yà kékeré kan já wọlé, kólà funfun lọ́rùn, wíìgì nínú nylon, òógùn ti bò ó, ó ní "Mọ́mì, ẹ gbà mí, aago 9 ni wọ́n máa pe kéèsì mi n'Íṣàbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi scan law report yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá kúkú jù ú sórí WhatsApp fún gbogbo àwọn ará chamber wa." Law report, ìyẹn ìwé tí wọ́n kó ìdájọ́ kóòtù jọ sí, èyí tó gbé wá nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Mo ní "Bàrísítà, kéèsì mélòó lẹ nílò nínú ẹ̀?" Ó ní ẹyọ kan.

Ẹ bá mi ṣí law report kan síwájú yín báyìí. Lókè pátápátá, orúkọ àwọn tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni headnote, àwọn gbólóhùn kéékèèké tí wọ́n fi nọ́ńbà sí, tó ń sọ fún wa pé ibi báyìí ni kóòtù fàbọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ adájọ́ fúnra ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan náà ni o, àmọ́ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ adájọ́, kò sẹ́ni tó lè ní òun ló ni ín, torí nígbà tí òfin kópíráìtì wa ń ka àwọn ìwé tó dáàbò bò, ó dárúkọ law report, ó sì yọ ìdájọ́ kóòtù kúrò níbẹ̀. Headnote ńkọ́? Ẹnì kan ló jókòó ka ìdájọ́ tó lè tó 60 ojú ìwé tó fi fún un jáde sí ìlà mẹ́wàá. Ìyẹn ní ẹni tó ni ín.

Òfin ìjọba náà rí bẹ́ẹ̀. Section 3 nínú Copyright Act 2022, òfin kópíráìtì Nàìjíríà, sọ pé ọ̀rọ̀ òfin tí ìjọba ṣe ò ní kópíráìtì, àmọ́ ẹni tó bá kó wọn jọ tó tò wọ́n sójú kan lè ní ẹ̀tọ́ lórí àkójọ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ section kan nínú Evidence Act, ìyẹn òfin ẹ̀rí ní kóòtù, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ lẹ̀ ẹ́ jàre. Àmọ́ àlàyé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ sábẹ́ section yẹn, tiẹ̀ ni.

Mo ní Act 2022, àmọ́ March 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí i, òun ló sì gba ipò èyí tá a ti ń lò látọdún 1988. Ẹ lọ wo pépà tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fótókópì yín, tó bá jẹ́ Decree, òfin ayé ìjọba ológun, ló ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ já a sílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàrísítà wa. Òfin gbà kéèyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíì nítorí ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, torí náà headnote àti gbogbo kéèsì ẹyọ kan yẹn, mo lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún un láìbẹ̀rù. Odindi ìwé tó fẹ́ jù sórí WhatsApp yẹn ni ò sí nínú ẹjọ́ kankan. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gùn lé fair dealing, ìyẹn lílo iṣẹ́ ẹlòmíì níwọ̀nba láìgbàyọ̀ǹda, tó wà ní section 20, ohun tí wọ́n máa wò ni kí lẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo lohun tẹ́ ẹ mú ṣe pọ̀ tó, àti pé ṣé kò ní ba ọjà ẹni tó ni ín jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń dùn mí jù. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, òǹkọ̀wé kan gbé ìwé ẹ̀ wá nínú lẹ́dà pé bóyá a máa ra díẹ̀, ló bá rí ẹ̀dà fótókópì ìwé yẹn, wọ́n ti fi spiral dì wọ́n, wọ́n tò wọ́n jọ sórí tábìlì. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọ̀kan lára wọn.

Tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀dà tó pọ̀, ẹ lọ bá REPRONIG, àwọn ló ń gba owó ìyọ̀ǹda ẹ̀dà ìwé fáwọn òǹkọ̀wé àtàwọn tó ń tẹ̀wé jáde. Ti database orí íntánẹ́ẹ̀tì, àdéhùn tẹ́ ẹ bá a ṣe ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má fún lọ́yà òde ní password.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ o, torí òfin yìí fún láíbìrárì láyè gan-an. Section 25 gbà ká ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lọ́wọ́ wa ká má bàa pàdánù ẹ̀, àwọn ìwé òfin Western Region ti 1959 tí ikán ń jẹ létí yẹn, kí lẹ ṣì ń dúró dè? Tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ríran bá sì wá bá yín, ẹ má lé e lọ, Nàìjíríà ti wọ àdéhùn Marrakesh, àdéhùn àgbáyé lórí ìwé fáwọn tí ò ríran, látọdún 2017, section 26 sì wà níbẹ̀ torí kírú wọn lè rí ìwé gbà ní Braille tàbí lóhùn.

Ọdún mélòó ni ẹ̀tọ́ yìí máa ń lò? Ìwé tí èèyàn kọ, 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Amos Tutuola, òǹkọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, 1997 ló kú, ó di ìparí 2067 kí iṣẹ́ ẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn tí Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nílùú yìí ní 1859, ìyẹn ti di ti gbogbo wa tipẹ́.

Ojú ìwé 11 ni bàrísítà gbà lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ó sáré bọ́ sórí ọ̀kadà, aago 9 ku ogún ìṣẹ́jú.