Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Nìkan: Ohun Tí Ìfarapa Ọ̀pá Ẹ̀yìn Ń Ṣe sí Ikùn
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, Òṣogbo)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tàbí tí ẹnìkan já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tí ọ̀pá ẹ̀yìn sì fara pa, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì ni pé, "Ṣé á tún rìn?" Ó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni yìí á jẹun lónìí, á jẹun lọ́la, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìtijú, torí ìtìjú tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ń pa èèyàn.

Iṣan ìmọ̀lára kan wà, ìyẹn irú èyí tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, tí wọ́n ń pè ní vagus. Inú ọpọlọ ló ti jáde, ọrùn ló gbà kọjá, kò wọ inú eegun ẹ̀yìn rárá. Òun ló ń mú àpòlúkù, ìfun kékeré àti apá àkọ́kọ́ ìfun ńlá ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fara pa lọ́rùn fi ṣì lè jẹun kó dà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń dẹ ìfun lọ́wọ́, tó sì ń ṣètò ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, àárín ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jáde. Àwọn tó ń darí ihò ìdí sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, S2 dé S4, ìyẹn apá ọ̀pá ẹ̀yìn tó jẹ́ ti ìdí. Ìfun tún ní sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀, tó ju mílíọ̀nù 100 lọ. Lẹ́yìn ìfarapa, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ bí omele tí kò gbọ́ ohùn ìyá ìlù mọ́: ìlù ò dá, àmọ́ kò wọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìfun lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ikùn á wú, èébì á máa bọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ki rọ́bà gba imú lọ sí àpòlúkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ ẹ̀kọ wọlé fún un. Ọgbẹ́ inú náà lè yọ lásìkò yìí. Bí ìgbẹ́ bá dúdú minimini, ẹ ké sí wa.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò lè jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ, á ní òun ti yó. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe é?"

"Rárá o, Ìyá. Níbo ló ti fara pa?"

Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn wọn. Ìdáhùn ti wà níbẹ̀: bí ìfarapa bá wà lókè, àpòlúkù kì í tètè dà oúnjẹ sínú ìfun. Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí epo má pọ̀ jù, kó jókòó dáadáa jẹun, kó má sì tètè dùbúlẹ̀.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, àkókò ni oògùn rẹ̀. Ìfun máa ń sún kì lẹ́yìn oúnjẹ. Nítorí náà, bó bá ti jẹun tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ jẹ́ kó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kejì-kejì, ní wákàtí kan náà. Bí ihò ìdí bá ṣì ń fún mọ́ra fúnra rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi jẹ́lì sí ìka, ẹ yí i jẹ́jẹ́ nínú ihò ìdí fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹni tó fara pa nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ á dẹ̀. Ọwọ́ la fi ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kó má sì rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi han yín lójúkojú.

Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ dára, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mi ò fẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò lè dá dúró á rẹ awọ ìdí, ibẹ̀ á sì di egbò.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù: ẹni tó fara pa ní T6, ìyẹn eegun ẹ̀yìn kẹfà ní ìhà àyà, tàbí lókè rẹ̀, bí ìgbẹ́ bá dì í nínú tàbí tí ìtọ̀ há, orí á máa fọ́ ọ gan-an, awọ ojú á pọ́n, òógùn á bò ó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè lójijì. Nọ́ńbà òkè ìfúnpá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 90 sí 110, nítorí náà 140 tí ẹlòmíràn ò kà sí lè jẹ́ ewu fún un. Ó lè fa rọpárọsẹ̀ (stroke). Oògùn orí fífọ́ kọ́ ló kàn. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀; ẹ gbé e jókòó, ẹ tú bẹ́líìtì àti aṣọ tó fún un, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ìtọ̀ ti ká, lẹ́yìn náà ẹ wo ìdí. Bí kò bá rọlẹ̀ kíá, ọsibítù tààrà.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àga onítáyà rẹ̀: ibi tó ti fara pa, ìfúnpá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, àti pé àpò ìtọ̀ àti ìdí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Dókítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà lè má tíì rí irú èyí rí.