Owó ìjọba tán: ṣé wọ́n lé ẹ ni àbí iṣẹ́ kàn parí?

Ẹ kú ìjókòó o. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìjọba á gbé sikíìmù kan kalẹ̀, àwọn èèyàn á wá kọ́ṣẹ́, tó bá wá di ọjọ́ kan owó á gé, ọ̀gá á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ bi ẹ ni pé, ta lo ń bá ṣiṣẹ́ gan-an?

Ìbéèrè yẹn ló bẹ́gi dínà ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ sikíìmù ìjọba kan tó ń jẹ́ Youth Opportunities Programme. Ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ló gbé lọ, ṣùgbọ́n kóòtù ní kò sí àdéhùn iṣẹ́ kankan láàárín òun àti ilé iṣẹ́ tó ń lọ lójoojúmọ́, pé àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Manpower Services Commission ni owó tó ń gbà ti ń wá. Tí èèyàn ò bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé wọ́n lé òun?

Èyí tó dùn mí jù ni ti olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Knowsley. Wọ́n ti ń tún àdéhùn ẹ̀ ṣe bọ̀, àmọ́ nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní September 1983, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà á máa lọ níwọ̀n ìgbà tí Commission yẹn tàbí onígbọ̀wọ́ míì bá ṣì ń fún wọn lówó tó tó. Gbólóhùn kan péré o! Ní August 1984 lẹ́tà dé pé owó ò wá mọ́, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tóṣù bá parí. Ó béèrè owó tó tọ́ sí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò sí mọ́, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹnikẹ́ni ò lé e, ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ló ṣẹlẹ̀, àdéhùn ló fúnra ẹ̀ parí. Èmi ò gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀, torí obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ò lágbára kankan lórí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín owó.

Wọ́n ti tún òfin náà ṣe ṣá. Láti October 2002, tírú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá parí tí wọn ò tún un ṣe, òfin kà á sí pé wọ́n lé èèyàn. O ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́, kó o sì ti pẹ́ tó iye tí òfin sọ, ọ̀gá náà sì lè fi yé kóòtù pé àìsówó ni, àmọ́ ó kéré tán ó máa ṣàlàyé. Òfin 2002 yìí kan náà ní kí wọ́n má fìyà jẹ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ju ẹni tó wà pẹ́ lọ, síbẹ̀ ó yọ àwọn tó wà nínú sikíìmù ìkọ́ṣẹ́ ìjọba kúrò. Ibẹ̀ yẹn ń ká mi lára gan-an ni.

Ọmọṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ ti àtijọ́, èyí tí ọ̀gá fi ṣèlérí pé òun á kọ́ ọ níṣẹ́ títí àkókò ẹ̀ á fi pé, ní tiẹ̀ lágbára. Ní 1996 kóòtù ní ọ̀gá ò lè torí pé iṣẹ́ dín kù lé irú ẹ̀. Ní 2006 wọ́n tún gbọ́ ti ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná, tíjọba ń sanwó ẹ̀kọ́ ẹ̀, Court of Appeal ní owó ìjọba tó wọ̀ ọ́ ò ní kó má jẹ́ ọmọṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n òfin 2009 dé, ó ní tí ìwé náà bá tẹ̀lé fọ́ọ̀mù tuntun, àdéhùn iṣẹ́ lásán ni, kò ní agbára ti àtijọ́ yẹn. Nítorí náà ọmọ méjì lè wà ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, kí owó tán lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan rí ẹjọ́ rò kí èkejì má rí, torí bébà tí wọ́n gbé síwájú wọn ní kí wọ́n fọwọ́ sí.