Hatshepsut: adelé tó di Fáráò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọba ti wàjà, tí àrólé rẹ̀ kò sì tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì.

Thebes ni, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ìlú tí wọ́n ń pè ní Luxor lónìí, ní nǹkan bí ọdún 1479 ṣáájú ìbí Jésù. Thutmose Kejì ló wàjà. Hatshepsut ayaba rẹ̀, ọmọ ọba ni láti ilé: Thutmose Kìíní ló bí i. Ọbàkan rẹ̀ ló sì fẹ́, torí láàfin Íjíbítì ayé ìgbà yẹn, ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ ọn, obìnrin ni, Neferure. Iset, ìyàwó mìíràn, ló bí ọkùnrin tí wọ́n gbé adé fún, Thutmose Kẹta.

Ọmọdé ò lè dá ìlú ṣe, ni Hatshepsut bá di adelé. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Èkìtì ti mọ bó ṣe ń rí. Àmọ́ adelé mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á dìde lórí àga. Hatshepsut kò dìde. Nígbà tó fi máa di ọdún keje, ó ti gba gbogbo orúkọ oyè, ó ti di Fáráò.

Lára ọ̀pọ̀ ère rẹ̀, ẹ máa rí irùngbọ̀n lágbọ̀n rẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń fira ẹ̀ ṣe ọkùnrin. Ó tì o! Àwọn ọkùnrin tó jọba ṣáájú rẹ̀ pàápàá, irùngbọ̀n àtọwọ́dá ni wọ́n ń so mọ́gbọ̀n. Ohun oyè ni, bí adé. Àwọn àkọlé rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọmọbìnrin Re, òrìṣà oòrùn. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọmọkùnrin yẹn wá ńkọ́? Àwọn òpìtàn àtijọ́ sọ Hatshepsut di ìyàwó bàbá burúkú tó jí oyè ọmọ gbé. Èmi ò gbà. Kò pa á, kò tì í mọ́lé. Ọdún ìjọba ọmọ náà ni wọ́n ṣì ń kà, àwòrán rẹ̀ sì wà lára ògiri pẹ̀lú tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Nígbà tó dàgbà, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Ta ló ń fi ogun lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Deir el-Bahari, tẹ́ńpìlì rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti òkè àpáta ní ìwọ̀-oòrùn odò Náílì. Senenmut, ìjòyè tó tún jẹ́ olùtọ́jú Neferure, wà lára àwọn tó bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun àti ọba ń fẹ́ra. Kò sí ẹ̀rí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fáwọn olófòófó. Ògiri ibẹ̀ ni Hatshepsut ti ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó ní òrìṣà Amun ló gbé àwọ̀ bàbá òun wọ̀, tó wọlé tọ ìyá òun lọ lóru, òórùn dídùn ara òrìṣà náà ló sì jí ìyá òun lójú oorun. Ẹni tí òrìṣà bí, ta ló fẹ́ sọ pé kó má jọba?

Ògiri tẹ́ńpìlì kan náà ló gbé ìtàn ìrìn àjò lọ sí Punt, ilẹ̀ òkèèrè kan. Ní ọdún kẹsàn-án, ọkọ̀ ojú omi márùn-ún gba Òkun Pupa lọ síbẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ àwòrán náà sára ògiri kò fi nǹkan kan sílẹ̀: ilé orí òpó tí wọ́n ń fi àkàsọ̀ gùn, àwọn ẹja tó wà lábẹ́ ọkọ̀, Parahu olórí Punt àti Ati ìyàwó rẹ̀ tó sanra gan-an, ẹran ara rẹ̀ ṣẹ́ léra wọn. Wọ́n kó wúrà, eyín erin àti ọ̀bọ wálé. Èyí tó wù mí jù ni àwọn igi òjíá: wọ́n hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì fi ọ̀pá gbé wọn wọ ọkọ̀, kí wọ́n lè lọ gbìn wọ́n fún Amun.

Ní Karnak, tẹ́ńpìlì ńlá Amun ní Thebes, ó ri òpó òkúta méjì mọ́lẹ̀, oṣù méje ni wọ́n fi gbẹ́ wọn ní Aswan. Ọ̀kan ṣì dúró, ó ga tó nǹkan bíi mítà 29, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 300 lọ.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1458. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ìbínú wo ló ń dúró fún ogún ọdún? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Thutmose Kẹta ti ń darúgbó, ó sì fẹ́ kí oyè bọ́ sọ́wọ́ Amenhotep ọmọ rẹ̀ láìsí wàhálà. Wọ́n fọ́ àwọn ère Hatshepsut, wọ́n kó wọn dà sínú kòtò. Wọ́n mọ ògiri yí òpó Karnak ká kí ojú má baà tó àkọlé rẹ̀, ògiri yẹn gan-an ló sì dáàbò bo àkọlé náà. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn awalẹ̀pìtàn láti New York hú àfọ́kù àwọn ère náà ní Deir el-Bahari, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n pọ̀.