Ọ̀sẹ̀ Tí Ìròyìn Gba Ọ̀nà Méjì Wọlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbọ́ mi nídìí ìdáná, nínú bọ́ọ̀sì, tàbí nínú mọ́tò tí ẹ páàkì síwájú ilé torí pé ibẹ̀ nìkan ló dákẹ́. Bí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbohùngbohùn sétí. Ọ̀rọ̀ tòní ní apá kan tí kò yẹ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kan péré la máa tú wò: èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, 29 oṣù keje, ọdún 2024. Ilé ìwé ti gba ọlidé ní Ìlú Ọba. Ní Southport, lápá Liverpool lọ́hùn-ún, ọmọkùnrin ọdún 17 kan mú ọ̀bẹ wọ kíláàsì ijó àwọn ọmọdé, ó sì pa ọmọbìnrin mẹ́ta, ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 9. Irọ́ ò jẹ́ kí ilẹ̀ ó mọ́ kó tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ní ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sá di ìjọba ló ṣe é. Cardiff ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òkò ti ń balẹ̀ lára mọ́sálásí Southport. Lọ́jọ́rú, ìjà dé Whitehall ní London àti Hartlepool. Lọ́jọ́ Ẹtì, Sunderland. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, Liverpool, Hull àti Middlesbrough ti gbóná. Ní Rotherham, wọ́n fẹ́ dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì táwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé.

Nílé lọ́hùn-ún náà, kò dákẹ́. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ni ìwọ́de #EndBadGovernance bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. L'Ékòó, ilé ẹjọ́ ní káwọn olùwọ́de má kúrò ní Freedom Park l'Ọ́jọ́ta àti Peace Park ní Kétu. Kánò, Yobe, Borno àti Katsina kéde kónílé-ó-gbélé. Ìyá ń pe ọmọ láti Ìyànà Ìpájà pé ṣé wọn ò tíì dé àdúgbò yín. Ọmọ ń pe ìyá láti Peckham ní London pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde o. Nígbà tó tún di ọjọ́ 5, ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ fáwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba. Àwa tí wọ́n ti ń ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sí létí nípa ilé wa láti ọjọ́ pípẹ́! Ẹ̀rín kọ́, ẹkún kọ́.

Nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe ni kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì kó fóònù dání láàárọ̀ dalẹ́. Èmi ò bá wọn wí pé wọ́n bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù tí kò ní àdírẹ́sì ni mò ń bá jà, ìyẹn èyí tí a ò mọ òpópónà tó wà, tí a ò mọ aago tó ṣẹlẹ̀, tó wá sé ọmọ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọlidé tí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ.

Nítorí náà, fóònù la ó ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́nrán kan dé sórí WhatsApp ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Peckham rèé báyìí o, ẹ má jáde." Ẹ wo òkè rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ó ti gba ọwọ́ ìtàkùrọ̀sọ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín ò sí níbẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó bá kọjá, torí pupa ni bọ́ọ̀sì London. Ẹ wo igi: igi tí kò ní ewé kì í ṣe igi oṣù kẹjọ. Ẹ wo ẹ̀wù lọ́rùn àwọn èèyàn. Ẹ dá fọ́nrán dúró níbi tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ti hàn, ẹ yàwòrán rẹ̀, ẹ fi Google Lens wá a. Fọ́nrán ọdún tó ti kọjá máa ń tú ara rẹ̀ fó níbẹ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá, tí ẹ ò rí orúkọ òpópónà kankan, tí ojú ewé ọlọ́pàá àti ti káńsù àdúgbò ò sì sọ nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, kódà kí ẹ kọ "ṣé òótọ́ ni?" tẹ̀ lé e. "Ṣé òótọ́ ni?" ló ń gbé irọ́ rìn jù.

Nǹkan míì wà nínú fóònù yẹn tí kì í sábà wá sọ́kàn wa. Ọmọ gba fóònù láti ṣe géèmù, ó ṣí àpò àwòrán, ó bá ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ pàdé, torí pé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ ló ń balẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wọ Settings nínú WhatsApp, ẹ tẹ Storage and data, lẹ́yìn náà Media auto-download, kí ẹ yọ àwòrán àti fọ́nrán kúrò lábẹ́ data àti lábẹ́ Wi-Fi, méjèèjì. Lórí Android, ẹ tún wọ Chats kí ẹ pa Media visibility. Lórí iPhone, níbẹ̀ náà ni, Save to Photos ló ń jẹ́. Èyí tó ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní lọ. Ọwọ́ lẹ ó fi pa á rẹ́. Ní ti ariwo ẹgbẹ́, wákàtí mẹ́jọ ni kí ẹ fi pa á lẹ́nu mọ́, kì í ṣe títí láé, kí ìkéde òkú tàbí ìsọmọlórúkọ má baà fò yín dá.

Ó wá ku ọmọ. Ibi tí àgbà ti máa ń ṣi ọ̀nà nìyí: àgbà ń ronú nípa ìjà ojú pópó, ọmọ ń ronú nípa kíláàsì ijó. Òkò ò já mọ́ nǹkan kan lójú ọmọ ọdún 7. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ òun lọ ṣeré ọlidé, kò padà wálé. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣàlàyé: "Kí lo gbọ́? Ta ló sọ ọ́?" Kí ẹ dá ohun tó béèrè lóhùn, kí ẹ sì dúró níbẹ̀, ohun tí kò béèrè, ẹ má fi kún un. Fún ọmọ kékeré, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó: nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀, ó jìnnà sí wa, ọlọ́pàá ti mú ẹni tó ṣe é. Fún ọmọ ọdún 13 tó ti wò ó lórí TikTok kí ẹ tó jí, ẹ ní kó fi han yín, kí ẹ jọ wá igi tí kò ní ewé nínú rẹ̀. Bó bá ń lọ sí ibi eré ọlidé, ẹ pe wọ́n níwájú rẹ̀, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́: ta ló ń ṣílẹ̀kùn? Ṣé ó ń tì látinú? Ta ló lè wá mú ọmọ, kí sì ni onítọ̀hún máa fi hàn? Ìdáhùn tó ṣe kedere ń fọkàn ọmọ balẹ̀ ju "má bẹ̀rù" lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: "má bẹ̀rù" ò ṣiṣẹ́ rí, fún ọmọ tàbí fún ìyá.

Ìyá ńkọ́? Ní ìgbà ooru, aago kan náà ni London àti Èkó ń lò. Láti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni Èkó máa ń fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ pe Màmá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ pè é o, ẹ má kọ̀wé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Àlàáfíà la wà, gbogbo wa. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa ju Èkó sí Ìlọrin lọ. Aago méje alẹ́ ni màá tún pè yín." Láti London sí Southport lé ní 200 máìlì lójú títì, ẹ ò purọ́. Bó bá di aago méje, ẹ pè é ní tòótọ́. Tí ẹ bá jẹ́ kó di méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti pe àbúrò yín ní Houston nìyẹn, àbúrò yín ti pe pásítọ̀.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé nítorí ìwọ́de kì í ṣe owó ọjọ́ ìwọ́de. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Kí owó Màmá ti dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó sì ti gba díẹ̀ níbẹ̀ ní kéèṣì, torí bí ìlú bá dá, àwọn oní-POS máa tilẹ̀kùn, áàpù báńkì sì lè má dáhùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, gáàsì, omi, gààrí. Ẹ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ò ṣaláìní nǹkan kan ṣá?" ò ní mú ìdáhùn wá, torí "rárá o, ọmọ mi" ni wọn ó sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde.

Ká mú Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọjọ́ kejì ìjà Whitehall, ká mú British Museum. Ẹ̀ẹ́ ní ṣé orí mi pé? Àárín ọ̀sán sí alẹ́ ni àwọn ìpéjọ yẹn sábà máa ń gbóná. Aago mẹ́wàá ni ilé náà ń ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì dé ẹnu ọ̀nà kí aago mẹ́wàá tó lù, torí wọ́n ń yẹ báàgì wò, ìlà náà sì máa ń gùn. Àpótí onítáyà ò wọlé. Tottenham Court Road ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ní líìfù. Holborn ò ní. Ẹ má gba Charing Cross tàbí Westminster, torí ẹ̀gbẹ́ Whitehall ni wọ́n wà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó lórí Tube, Overground àti Elizabeth line, ọmọ mẹ́rin sí àgbà kan, ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ sì ni kí wọ́n gbà kọjá. Ọmọ ọdún 11 sí 15 nílò káàdì Zip tó ń dín owó ọkọ̀ ọmọ kù, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde kọ́ lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ya ọmọ ní fọ́tò kan nínú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà yín sínú apá rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé bó bá sọnù, kó dúró síbi tó wà. Òun ò ní wá yín, ẹ̀yin lẹ ó wá òun. Ní tiyín, 999 fún pàjáwìrì, 101 fún èyí tí kò jẹ́ kánjúkánjú, 61016 sì ni ẹ lè kọ̀wé sí bí nǹkan kan bá ń rú yín lójú nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ, yàrá 25. Yàrá kan péré. Àwọn òbí tó bá tún fẹ́ lọ wo òkú àwọn ará Íjíbítì lókè, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni wọ́n máa bá pàdé, ọmọ á sì ti máa sunkún kó tó di aago méjìlá. Yàrá 25 yìí ni wọ́n máa ń gbé orí idẹ Ifẹ̀ sí, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lóṣòó, kí ojú rẹ̀ àti ojú ère náà ó ṣe déédéé. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ètè nìkan ni wọn ò fà á sí. Ọ̀dà pupa ṣì kù lára adé. Ohun tó yọ sókè níwájú adé ti wọ́ díẹ̀ sápá kan. Ọmọ ló máa kọ́kọ́ rí ìyẹn, àgbà kì í rí i. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù kó yà á, kó sì ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ṣé ilà ojú ni, àbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń mì jìgìjìgì bo ojú ọba ni wọ́n ń yà? Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Ẹ jẹ́ kó dá sí i. Àwọn idẹ Benin wà nínú yàrá kan náà, bó bá sì béèrè bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ ogun Ìlú Ọba ló kó wọn lọ́dún 1897. Ogún ìṣẹ́jú, ó tó.

Oúnjẹ wà nínú báàgì. Ẹ ti da omi híhó sínú fúláàsìkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ dà á nù, ẹ nù ún gbẹ, kí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń yọ èéfín tó wọ̀ ọ́. Ẹ kún un dẹ́nu, àyè tó bá ṣófo ló ń mú un tutù. Ìrẹsì tó sun sórí tábìlì mọ́jú, ẹ má gbé e lọ. Kòkòrò inú rẹ̀ ń tu oró tí gbígbóná ò lè pa. Dòdò kì í wọ fúláàsìkì, rírọ̀ ló máa rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Russell Square ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó ní ibi tí omi ti ń tú jáde látinú ilẹ̀. Ọmọ á wọnú rẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀. Tó bá fi di aago mẹ́ta, kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ padà sílé.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 7, ni wọ́n dá fún ìpéjọ nínú àtòjọ àdírẹ́sì àwọn ọ́fíìsì lọ́yà aṣíwọlé tí wọ́n ti ń pín kiri. Ní Walthamstow, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n kan pákó mọ́ gíláàsì, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò ló jáde láti sọ pé àwọn ò fẹ́ ìwà ẹ̀tanú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ni kí ẹ lo páàkì tó wà nítòsí, kí ẹ padà wọlé lọ́sàn-án. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Olympics ní Paris. Wọ́n pàdánù, 88 sí 74, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ipele yẹn rí ṣáájú wọn. Ìjáde inú pálọ̀ nìyẹn náà.

Bébà tí ọmọ yà ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ tẹ̀ lé e, kó kí wọn, kó sì sọ iye ilà tó kà. Bó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń sá fún un, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó wá a.