Ẹ Ka Kẹ́ẹ̀gì Kí Ẹ Tó Kọ̀wé: Bí A Ṣe Ń Béèrè Owó Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Àjọ Àgbáyé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú ìwé àti bírò wá, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ owó ló kó wa jọ, ṣùgbọ́n etí odò ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, ojú ìwé mẹ́fà la fi ka ìyà tó ń jẹ wọ́n. Èsì tó dé kò ju ìlà mẹ́rin lọ: wọn ò rí iye ẹni tí yóò mu omi náà nínú ìwé wa. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Lèmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ bá jí lọ sódò ní aago márùn-ún ìdájí. A jókòó sórí gbòǹgbò igi, a ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Kí oòrùn tó mú, ojú ìwé méjì ti kún. Èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn, orí ọmọ iléèwé ló wà, aago iléèwé sì ti lù. Ohun tí a kọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Japan ní owó kan fún iṣẹ́ ìgbèríko: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn, kànga. Ọdún pípẹ́ ni mílíọ̀nù 10 yen (owó Japan) fi sábà jẹ́ òpin rẹ̀. Wọn kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ rí iye tí oníṣòwò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá lé ọjà kan náà. Owó kékeré ti GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó láti 1992, ọ̀rọ̀ àyíká ló wà fún: igbó, ilẹ̀, odò, ojú ọjọ́. Ọdún pípẹ́ ni kò fi kọjá 50,000 dọ́là fún iṣẹ́ kan. Ìwé kan náà kò lè wọlé síbi méjèèjì.

GEF tún máa ń béèrè ohun tí ará ìlú fúnra wọn mú wá. Ibí yìí ló ń ká mi lára jù. Ẹ ó ní ẹ ò ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n ru yanrìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Èló la máa ń san fún lébìrà lóòjọ́ lágbègbè yín? Ẹ fi owó náà lọ́nà iye èèyàn, lọ́nà iye ọjọ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìṣúná. Owó yín ni.

Ti ìwé ẹ̀rí kò gùn: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ CAC, ti SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́, àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ó kéré tán èèyàn méjì máa buwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ìwé yín tó wọlé, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn àjọ tó ń fúnni lówó tí mo dárúkọ yìí kì í gba owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ má sì fi gbogbo ara tì àjọ kan ṣoṣo. Láti 1961 ni USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, ti wà. Ní January 20, 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà buwọ́ lùwé pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tó fi di July 1 ọdún náà, USAID ti kógbá wọlé. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn káàkiri Nàìjíríà ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ìyá kan béèrè pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè tí àwọn àjọ fúnra wọn máa ń béèrè nìyẹn, Ìyá. Ní abúlé tí mo sọ, ilé kọ̀ọ̀kan ti ń dáwó lóṣooṣù kí kànga tó dé rárá. Ìyá ológì kan ló ń kó o sínú agolo mílíìkì, ọmọ rẹ̀ sì ń kọ orúkọ ẹni tó san. Nígbà tí òṣìṣẹ́ àjọ wá wo ilẹ̀, ìwé ìyá ológì ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá. Ó ṣí i ní ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, kó tó dìde pé kí a lọ wo ibi tí a fẹ́ gbẹ́.