Ta Ni Àgbà Ẹgbẹ́ Wọn?

(Mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún àwọn òbí àti olùkọ́ ní Ìkòròdú. Mo ti gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwàdà ibẹ̀ ni mi ò gé, wọ́n ní òun ló dùn jù.)

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fipá mú wá, ẹ̀yin náà ẹ kú ìjókòó.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti fóònù, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń kọ́ ọ̀dọ́langba bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé fóònù ló bà wọ́n jẹ́, kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, kí á lọ jẹ ìrẹsì. Mi ò ní sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó máa ń bọ́ sórí rédíò, tí yóò ní kí àwọn òbí fi òòlù fọ́ fóònù ọmọ wọn. Fóònù ló fi ń pe ilé iṣẹ́ rédíò náà. Nígbà tí èmi ń dàgbà, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ní ó ń bà wá jẹ́. Fídíò tún dé, ẹjọ́ kan náà ni. GSM wọlé ní 2001, wọ́n kó ẹjọ́ náà lé e lórí. Olùjẹ́jọ́ ń pààrọ̀, ẹjọ́ ò yí padà.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹgbẹ́ ló ń tọ́ ọ̀dọ́langba, àgbà ló yẹ kó máa tọ́ ẹgbẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín.

Ọmọ ọdún mẹ́fà, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò kó tó rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ojú ọ̀rẹ́ ló ń wò. Kì í ṣe àìgbọràn, ibi tí ìdàgbàsókè rẹ̀ dé nìyẹn. Ní 2005, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, kó ènìyàn 306 jọ, ọmọdé àti àgbà, wọ́n ní kí wọ́n máa wakọ̀ nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Iná ojú títì yóò di yẹ́lò. Awakọ̀ lè dúró, ó sì lè máa sáré lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè forí sọ nǹkan. Àwọn kan dá wà, àwọn kan ní ojúgbà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbà tó dá wà àti àgbà tí wọ́n ń wò, bákan náà ni wọ́n wakọ̀. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 ńkọ́? Bí ojúgbà bá ti wà níbẹ̀, ewu tí wọ́n ń kó sí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà ọmọ kékeré ní Sábọ̀ rí, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń hó yèè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò nílò kọ̀ǹpútà.

Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe yìí lẹ fi ń lé ọ̀rẹ́ ọmọ yín ní géètì. Àwọn baba wa kò lé ẹgbẹ́, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni. Ẹ wo Ìjẹ̀bú tí kò jìnnà sí wa. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún bíi mẹ́ta síra wọn wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú tó wàjà ní 2025, ló jí ètò náà padà, òun lẹ sì ń rí níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ẹ̀yin rò pé aṣọ àti ẹṣin lásán ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mọ àbúrò rẹ̀, ó mọ ẹni tó lè bá a wí níta gbangba.

Àwa pa ẹgbẹ́ tì. Ta ni kò pa á tì? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Ìlú yìí mọ ohun tí mò ń sọ, mi ò ní ka òkú. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní àwọ̀, wọ́n sì ní ẹ̀gbọ́n tó ń bi ọmọ pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n fàbọ̀ sórí fóònù. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìtàn Bandura, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ní 1961: àwọn ọmọdé rí àgbà tó ń lu ọmọláńgidi, àwọn náà sì ń lù ú. Ọmọ ń ṣe ohun tó rí, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn Ikorodu Bois ńkọ́, àwọn ọmọ ìlú yìí? Fíìmù olówó ńlá ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ohun èlò ilé ìdáná tún un ṣe. Netflix fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Wọ́n jẹ́ ẹbí, wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n sì wà láàárín wọn. Ẹ bá mi wá èyí tó bà wọ́n jẹ́ níbẹ̀.

Ibí ni màmá kan ti nawọ́ lẹ́yìn. Wọn ò tilẹ̀ dúró de gbohùngbohùn.

“Tíṣà, ẹ ṣeun. Ata ni mò ń tà ní Mile 12. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde nílé, ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó wọlé. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Island. Àgbà tí ẹ ń wí yìí, orí títì ló wà. Ta ni kó wá jókòó ti ẹgbẹ́?”

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Wọ́n na ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú ní 2015, ọkọ̀ ojú omi ń ná Ìpàkodò, síbẹ̀ ìdájí ṣì ń bá ìdajì ìlú yìí lójú ọ̀nà. “Ẹnì kan ló ń bí ọmọ, igba ènìyàn ló ń wò ó”: mo kọ òwe yìí sínú ìwé mi láti fi parí ọ̀rọ̀. Mo pa á rẹ́. Igba ènìyàn náà wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Mo bá bi àwọn ọmọ fúnra wọn pé, “Bí ẹ bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, níbo lẹ máa ń wà?” Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí, torí jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ láti fi gba iná sí fóònù. Ọmọbìnrin kan ní ọ̀dọ̀ àǹtí télọ̀. Mẹ́rin, márùn-ún dáhùn bákan náà. Ó yà mí lẹ́nu, n kò ní purọ́. Àgbà wà ládùúgbò lọ́sàn-án: ẹni tí ṣọ́ọ̀bù dè mọ́lẹ̀ ni, a kò sì pe ọ̀kan nínú wọn sí ìpàdé òbí rí.

Alága ti ń lu tábìlì. Ohun tó kù lórí rédíò àti àwọn olórin, ìṣẹ́jú méjì ni mo fi sáré ka orí rẹ̀, ẹ dárí jì mí.

Onígẹ̀rígẹ̀rí kan dìde níwájú. “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bá yín tọ́ ọmọ ni? Ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀?”

Ẹ̀rín sọ. Màmá aláta ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn lè máa fi ata ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ àwọn tó ń jókòó ti ọmọ àwọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ.